Lẹ́tà ṣíṣí sí ẹ̀yin tẹ́ ẹ ni páìpù àti ẹ̀yin tẹ́ ẹ ni réèlì: iná tó ṣáko ló ń jẹ irin abẹ́ ilẹ̀

Ẹ̀yin ọ̀gá wa ní ilé iṣẹ́ tó ń bójú tó páìpù omi àti páìpù gáàsì abẹ́ ilẹ̀, àti ẹ̀yin ọ̀gá wa ní ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin oníná, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú wàhálà. Ẹ̀yin méjèèjì ni mo kọ lẹ́tà yìí sí pa pọ̀, torí tí mo bá kọ ọ́ sí apá kan ṣoṣo, ńṣe ló máa nàka sí apá kejì, bó ṣe ń lọ látọjọ́ pípẹ́ nìyẹn, àwọn onípáìpù á ní àwọn oníréèlì ló fà á, àwọn oníréèlì á ní páìpù yín ló ti gbó, ihò á sì máa pọ̀ sí i lábẹ́ ilẹ̀.

Iṣẹ́ tèmi ni kí n máa gbé mítà kiri, kí n máa wọn iná lára irin tí wọ́n rì mọ́lẹ̀. Ohun tó mú mi jókòó kọ̀wé ni kòtò kan tí wọ́n tún ṣí lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ẹ̀ẹ̀kẹta rèé tí wọ́n ń wa ojú kan náà láàárín ọdún méjì, mo sì wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì nínú ẹ̀. Nígbà àkọ́kọ́, wọ́n fi kílámù dì í, wọ́n da yẹ̀pẹ̀ padà, wọ́n lọ. Nígbà kejì, wọ́n gé mítà mẹ́fà kúrò, wọ́n fi páìpù tuntun sí i, wọ́n fi ọ̀dà bò ó dáadáa, gbogbo wa rò pé ó parí síbẹ̀. Páìpù tuntun yẹn ò tíì pé ọdún kan tó tún ti lu. Èyí tó ti gbó tó wà lọ́tùn-ún àti lósì ẹ̀, kò ṣe nǹkan kan. Ẹ̀gbọ́n tó ń darí iṣẹ́ náà ní ilẹ̀ ibẹ̀ ló burú. Mo ní ẹ̀gbọ́n, tó bá jẹ́ ilẹ̀ ni, báwo ni ilẹ̀ ṣe mọ ìyàtọ̀ láàárín tuntun àti ti tẹ́lẹ̀?

Mo mọ̀ pé irin tuntun tí wọ́n bá so mọ́ irin àtijọ́ máa ń jẹ yára díẹ̀ ju ti àtijọ́ lọ, òótọ́ nìyẹn, ẹnikẹ́ni tó bá mọ iṣẹ́ yìí á sọ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ẹ wá wo ihò yẹn fúnra ẹ̀. Ó rí róbótó, etí ẹ̀ mọ́ bíi pé wọ́n fi ẹ̀rọ lu ú, irin tó yí i ká ṣì ń dán, ìdógùn-ún ibẹ̀ ò tó nǹkan. Irin tí omi àti atẹ́gùn nìkan bá ń jẹ kì í sábà rí bẹ́ẹ̀, ńṣe ló máa ń ṣí ní pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ, tí pupa á bo gbogbo ara ẹ̀. Mo wá gbé mítà mi sílẹ̀, mo so ó mọ́ páìpù, mo sì dúró. Ọkọ̀ ojú irin kan kọjá lọ́ọ̀ọ́kán, nọ́ńbà orí mítà gbéra, ó lọ sókè, ó padà wálẹ̀. Òmíì kọjá, ó tún ṣe bẹ́ẹ̀. Ọkọ̀ ò sún mọ́ páìpù yẹn rárá o, páìpù wà níbí, réèlì wà lọ́hùn-ún, síbẹ̀ gbogbo ìgbà tí dírẹ́bà bá fún un níná ni páìpù ń mọ̀ ọ́n lára.

Wọ́n ní kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà. Tèyí kì í gbé ìdí ẹ̀fọ́. Ibòmíì ló ti ń wá, ibòmíì ló sì ń lọ, ọ̀nà ló kàn gbà kọjá.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ẹ̀ bó ṣe yé mi, torí mo ti rí i pé ọ̀pọ̀ ọ̀gá ló ń fọwọ́ sí owó páìpù tuntun láìmọ ohun tó pa ti àkọ́kọ́. Iná kì í jáde nílé kó má padà sílé. Kọ́rẹ́ńtì tó bá kúrò ní ilé iná, ilé iná tó ti jáde náà ló gbọ́dọ̀ padà sí, kì í parẹ́ sínú ilẹ̀ bí àwọn èèyàn ṣe máa ń rò. Ní ti ọkọ̀ ojú irin tó ń lo iná DC, ìyẹn iná tó ń gba ojú kan ṣoṣo lọ láìyí padà, ì báà jẹ́ 600 volt, 750, 1500 tàbí 3000, wáyà orí tàbí réèlì kẹta ló ń gbé iná wá, mọ́tò ọkọ̀ á lò ó, iná á wá gba táyà irin bọ́ sórí réèlì méjì tó ń tẹ̀, réèlì yẹn ni wáyà tó ń gbé e padà sílé. Réèlì yìí sì rèé, orí ilẹ̀ ló sùn sí.

Irin ni réèlì, ó sì tóbi, àmọ́ ó ní bó ṣe ń dènà iná. Tẹ́ ẹ bá kó réèlì méjèèjì pọ̀, kìlómítà kan ẹ̀ lè jẹ́ nǹkan bíi 0.02 ohm. Ó kéré, àbí? Ẹ wá fi 1000 ampere gba inú ẹ̀ kọjá, tó jẹ́ pé ọkọ̀ kan tó ń gbéra lè gba jù bẹ́ẹ̀ lọ, 20 volt lẹ máa rí láàárín ìbẹ̀rẹ̀ kìlómítà yẹn àti òpin ẹ̀. 20 volt yìí ló ń ti iná jáde kúrò lára réèlì bọ́ sínú ilẹ̀, gbogbo ibi tí ilẹ̀ bá tutù, tí rọ́bà abẹ́ réèlì bá ti gbó, tí omi bá rọ́gún sí. Ilẹ̀ kì í ṣe wáyà dáadáa, àmọ́ ó tóbi, ìyẹn ló fi ń rọ́nà gbé e. Tí iná ọ̀hún bá wá ń wá ọ̀nà padà sílé nínú ilẹ̀, tó bá páìpù irin pàdé tó nà lọ ní kìlómítà mélòó kan, ọ̀nà tó já geere nìyẹn, ó máa kó sínú ẹ̀, ó máa bá a lọ títí dé ìtòsí ilé iná, ibẹ̀ ló máa wá jáde.

Ibi tó wọlé kì í fi bẹ́ẹ̀ bà jẹ́, kódà ó ń dáàbò bo páìpù níbẹ̀, àyàfi tó bá ti pọ̀ jù tó wá ń ṣí ọ̀dà kúrò lára irin, tàbí tó bá jẹ́ òjé tàbí alumíníọ́ọ̀mù, torí àwọn yẹn, bí omi tó wà lára wọn bá ti ń ta jù bí omi eérú, wọ́n lè jẹ níbi tí iná ti ń wọlé pàápàá. Ibi tó jáde ni ẹjọ́ wà. Nínú irin, ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù ló ń gbé iná. Nínú ilẹ̀ tútù, àwọn átọ́ọ̀mù tó ti yọ́ sínú omi ló ń gbé e. Ní ẹnubodè àwọn méjèèjì, nǹkan kan gbọ́dọ̀ yí padà, ohun tó sì ń yí padà ni irin fúnra ẹ̀: átọ́ọ̀mù irin kan á fi ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù méjì sílẹ̀ nínú páìpù, òun á bọ́ sínú omi ilẹ̀, ó lọ nìyẹn. Iná tó jáde lára páìpù kì í jáde lọ́wọ́ òfìfo.

Èyí kì í ṣe àbá. Michael Faraday ti fún wa ní ìṣirò ẹ̀ láti ọdún 1834, ìṣirò yẹn ò sì tíì yẹ̀. Ampere kan ṣoṣo, tó bá ń jáde lára irin láìsinmi fún ọdún kan, á kó irin tó tó kílò 9 lọ. Tó bá jẹ́ bàbà, nǹkan bíi kílò 10. Tó bá jẹ́ òjé, nǹkan bíi kílò 34. Ampere kan yìí ò ju ohun tí tẹlifóònù ń gbà nígbà tẹ́ ẹ bá ń chájì ẹ̀. Réèlì tó ń jò lè da ọ̀pọ̀lọpọ̀ ampere sínú ilẹ̀, ẹ fúnra yín ẹ ṣírò kílò mélòó nìyẹn.

Ibi tó ń dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ yìí nìyí o, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fara balẹ̀ kà á, ẹ̀yin onípáìpù pàápàá. Tẹ́ ẹ bá ti rí ihò, ohun tó kọ́kọ́ wá sọ́kàn yín ni kẹ́ ẹ fi ọ̀dà tó dára jù bo ibẹ̀. Ó dà bí ìwà ọgbọ́n, àmọ́ tí iná tó ń ṣáko bá ṣì wà níbẹ̀, ẹ ti sọ iṣẹ́ di líle nìyẹn. Kọ́rẹ́ńtì tó wà nínú páìpù kì í fi bẹ́ẹ̀ dín kù torí pé ẹ kun ún lọ́dà, ó ṣì máa jáde. Tẹ́lẹ̀, ó ń jáde lára ibi tó fẹ̀, ó ń jẹ díẹ̀díẹ̀ káàkiri. Ní báyìí, ibi tí ọ̀dà ti fara gbọgbẹ́ nìkan ló kù fún un, ibi tí òkúta ha tàbí ibi tí ṣọ́bìrì ti kàn án, kò sì sí ọ̀dà tí kì í ní ọgbẹ́ bó ti wù kó rí. Ẹ fojú inú wo ọgbẹ́ tí ò ju ìwọ̀n èékánná lọ, sẹ̀ǹtímítà kan ní gígùn, kan ní fífẹ̀. Ẹ jẹ́ kí milliampere kan péré máa gba ibẹ̀ jáde, ìyẹn ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ampere. Láàárín ọdún kan, irin tó nípọn tó milimítà 11.6 ló máa jẹ wọ inú. Páìpù tó nípọn milimítà 6 á lu láàárín nǹkan bí oṣù mẹ́fà. Ẹ wá rántí páìpù mítà mẹ́fà tí wọ́n kùn dáadáa nínú kòtò wa yẹn, tí ò pé ọdún kan. Ọ̀dà yẹn dára o, ìyẹn gan-an ló jẹ́ kó yára lu.

Mi ò sọ pé kẹ́ ẹ má kun páìpù. Ẹ kùn ún. Ohun tí mò ń sọ ni pé ẹ kọ́kọ́ wá ibi tí iná ń gbà jáde, kẹ́ ẹ fún un ní ọ̀nà míì tó máa gbà, tàbí kẹ́ ẹ dá a dúró níbi tó ti ń wá, kẹ́ ẹ tó kùn ún. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, fífi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá ni.

Àwọn páìpù onírin dídà, irú èyí tí wọ́n máa ń fi òjé tàbí rọ́bà so pọ̀, tiwọn tún yàtọ̀. Ojú ìsopọ̀ yẹn kì í gbé iná dáadáa, torí náà tí kọ́rẹ́ńtì bá dé ibẹ̀, á jáde lára páìpù àkọ́kọ́, á gba inú ilẹ̀ fò ó kọjá, á tún wọ inú páìpù kejì. Gbogbo ojú ìsopọ̀ lórí ọ̀nà yẹn, apá kan ẹ̀ ń jẹ. Èyí tó tún burú ni pé irin dídà lè jẹ tán kó má yí ìrísí ẹ̀ padà, irin á ti lọ, ohun dúdú bíi ti inú pẹ́ńsù á ṣẹ́ kù síbẹ̀ tó di àwòrán páìpù mú. Mo ti fi ọ̀bẹ àpò gé irú ẹ̀ rí. Tẹ́ ẹ bá wò ó láti òkè, ẹ máa sọ pé páìpù yìí ṣì le koko, ó sì jẹ́ pé ọjọ́ tí mọ́tò tó wúwo bá gba orí ẹ̀ kọjá ló máa là sí méjì.

Báwo lẹ ṣe máa mọ̀ bóyá iná tó ṣáko ló wà nídìí ẹ̀? Kì í ṣe ohun tó le. Ẹ wá ọ̀pá bàbà tó wà nínú omi copper sulfate tó ti kún dé góńgó, irú èyí tí ìdí ẹ̀ ń gba omi sára díẹ̀díẹ̀, ẹ gbé e lé ilẹ̀ tẹ́ ẹ ti da omi sí lórí páìpù, kẹ́ ẹ so mítà láàárín òun àti páìpù. Irin tó wà nínú ilẹ̀ lásán, tí ẹnikẹ́ni ò dà láàmú, sábà máa ń wà láàárín 0.5 sí 0.7 volt ní ìsàlẹ̀ òdo. Àmọ́ ẹ má kà á lẹ́ẹ̀kan kẹ́ ẹ lọ, àṣìṣe tí mo rí jù nìyẹn, ẹnì kan á dé níbẹ̀ láàárọ̀, á kọ nọ́ńbà kan sílẹ̀, á ní ó dáa, kò mọ̀ pé kò sí ọkọ̀ lójú irin ní ìṣẹ́jú yẹn. Ẹ fi ẹ̀rọ tó ń kọ ọ́ sílẹ̀ fúnra ẹ̀ síbẹ̀ fún odindi wákàtí 24. Tẹ́ ẹ bá wo ìlà tó yà, ní ọ̀sán ẹ máa rí i tó ń fò sókè sódò bí ọkàn ẹni tó ń sáré, nígbà tí ọkọ̀ bá wá dúró ní òru, ìlà yẹn á tẹ́ gbọọrọ. Ìyẹn ti tó ẹ̀rí. Tí nọ́ńbà bá ń sún mọ́ òdo tàbí tó kọjá òdo bọ́ sókè nígbà tí ọkọ̀ ń ṣiṣẹ́, ibi tí iná ti ń jáde lẹ dúró sí yẹn. Tó bá ń lọ sísàlẹ̀ sí i, ibi tó ti ń wọlé ni.

Ẹ tún ṣọ́ra, torí ibi ìjáde kì í dúró sójú kan mọ́ bíi ti ayé àtijọ́. Àwọn ọkọ̀ òde òní, tí wọ́n bá ń tẹ búrẹ́kì, wọ́n máa ń dá iná padà sórí wáyà fún ọkọ̀ míì láti lò, ọkọ̀ tó ń tẹ búrẹ́kì ló wá di ilé iná nígbà yẹn, ojú ibi tó ń wọ páìpù àti ibi tó ń jáde lè pàrọ̀ ara wọn láàárín ìṣẹ́jú kan. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń bẹ̀ yín pé ẹ wọn páìpù àti réèlì lákòókò kan náà, kẹ́ ẹ fi aago kan náà ṣe é, kẹ́ ẹ wá tẹ́ ìwé méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Apá kan ṣoṣo ò lè ṣe èyí dá.

Ẹ̀yin oníréèlì, mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín ti ń sọ pé ìṣòro onípáìpù nìyí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo ìtàn. Ọdún 1888 ni Frank Sprague gbé ọkọ̀ ojú irin oníná jáde ní Richmond, ní Virginia, tí ọ̀pọ̀ ìlú ní Amẹ́ríkà sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bíi tiẹ̀. Kò pẹ́ rárá tí àwọn onítẹlifóònù ní Boston fi rí i pé òjé tó bo wáyà wọn lábẹ́ ilẹ̀ ń lu. Nígbà tó fi máa di 1894, àwọn aláṣẹ ní Bìrìtìkó ti ṣòfin pé ìyàtọ̀ volt láàárín ibi kan sí ibòmíì lára réèlì ò gbọ́dọ̀ ju 7 lọ. Ní 1910, ilé iṣẹ́ ìwọ̀n ìjọba Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ ìwádìí lórí ọ̀rọ̀ yìí, nígbà tó sì di 1921, ìgbìmọ̀ kan gbé ìròyìn ńlá jáde, ohun tó sì dùn mọ́ mi nínú ìgbìmọ̀ yẹn ni pé àwọn oníréèlì, àwọn onítẹlifóònù, àwọn onígáàsì àti àwọn olómi ni wọ́n jọ jókòó síbẹ̀. Ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún o. Ohun tí wọ́n jókòó yanjú nígbà tí ò sí kọ̀ǹpútà, kí ló dé tí àwa ò lè jókòó lé e lórí?

Iṣẹ́ tó pọ̀ jù sì wà lọ́wọ́ yín lóòótọ́, torí iná tí ò bá jò, kò sẹ́ni tó máa wá a kiri. Ẹ yẹ àwọn wáyà tó so réèlì mọ́ réèlì wò, èyí tó bá já tàbí tí wọ́n ti jí lọ, ẹ dá a padà kíákíá, torí ojú kan tó já lè ti gbogbo iná yẹn bọ́ sínú ilẹ̀. Ẹ jẹ́ kí rọ́bà tó wà láàárín réèlì àti ìjókòó ẹ̀ wà ní pípé. Ẹ má jẹ́ kí ẹrẹ̀ àti omi bo réèlì mọ́lẹ̀, pàápàá níbi tí réèlì ti gba àárín títì kọjá. Níbi tí ilé iná bá ti jìnnà síra jù, ẹ fi òmíì sáàárín, volt á dín kù. Ẹ má sì so apá ìpadà iná yín mọ́ ilẹ̀ ní tààrà, mo mọ̀ pé àwọn kan rò pé ìyẹn ló dáa jù fún ààbò, àmọ́ ilẹ̀kùn lẹ ṣí sílẹ̀ fún iná yẹn, àwọn ẹ̀rọ kan wà tó ń so ó mọ́lẹ̀ nígbà tí ewu bá wà nìkan. Gbogbo èyí ṣe yín láǹfààní o, torí irin tiyín náà ń jẹ. Ìdí réèlì àti ìṣó tó dè é mọ́lẹ̀ ń jẹ. Irin inú kọnkéré ihò abẹ́ ilẹ̀ tí ọkọ̀ ń gbà ń jẹ, irin tó bá sì dógùn-ún nínú kọnkéré máa ń wú ju bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ lọ, ńṣe ló máa fọ́ kọnkéré yẹn látinú wá.

Ẹ̀yin onípáìpù, ẹ̀yin náà ẹ gbọ́ tiyín. Mo mọ̀ pé ohun tí ọ̀pọ̀ nínú yín fẹ́ gbọ́ ni pé kí wọ́n so wáyà kan láti ara páìpù lọ sí apá ìpadà ilé iná, kí iná tó wà nínú páìpù gba inú wáyà lọ sílé dípò kó gba inú ilẹ̀. Ó ń ṣiṣẹ́, mo ti fojú mi rí i. Tí wọ́n bá fi diode sí i, iná á lè gba ibẹ̀ padà sílé àmọ́ kò ní lè ti réèlì wá bá páìpù. Àmọ́ èrò tèmi ni pé ẹ má fi bẹ̀rẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ti ṣọ̀nà fún iná, ńṣe lẹ ń pè é pé kó máa bọ̀, iná tó máa gba inú páìpù yín á pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, páìpù ẹlòmíì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín tí ò ní wáyà lè wá bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ. Kí réèlì kọ́kọ́ dáa, kẹ́ ẹ tó ṣe wáyà, kí gbogbo ẹni tó ní irin nílẹ̀ àdúgbò yẹn sì mọ ọjọ́ tẹ́ ẹ máa so ó.

Ẹ̀yin náà sì lè jẹ́ olè lójú ẹlòmíì láìmọ̀. Ètò tí wọ́n ń pè ní cathodic protection, ìyẹn fífi iná dáàbò bo páìpù kó má bàa jẹ, tí Robert Kuhn lò lórí páìpù gáàsì ní New Orleans ní 1928, tó sì fún wa ní 0.85 volt ní ìsàlẹ̀ òdo, ìwọ̀n tí páìpù tí wọ́n ń dáàbò bò gbọ́dọ̀ dé, tí gbogbo wa ṣì ń lò títí dòní, iná DC náà lẹ fi ń ṣe é, ẹ̀ ń da iná sínú ilẹ̀ kó lè wọ páìpù yín. Páìpù ẹlòmíì tó bá gba ìtòsí ibi tẹ́ ẹ ti ń da iná yẹn kọjá, tó wá pàdé tiyín níwájú, á gbé iná yẹn, níbi tí wọ́n ti pàdé ló máa sì jáde lára tiẹ̀. Mo ti bá irú ẹ̀ pàdé, páìpù kan ń dán gbinrin bí ẹni tí ò ṣàìsàn rí, aládùúgbò ẹ̀ sì ti di ajẹ̀rẹ̀. Ẹni tó ń dáàbò bo tara ẹ̀ ló ń pa tẹnì kejì.

Iná AC, ìyẹn iná tó ń yí ojú padà síwá sẹ́yìn, òun ńkọ́? Ẹ má jẹ́ kí wọ́n sọ fún yín pé kì í jẹ irin. Tá a bá fi ampere wé ampere, ohun tó ń kó lọ lára irin ò tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ti DC, òótọ́ ni. Àmọ́ ní 1986, páìpù gáàsì kan lu ní Jámánì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin oníná AC, ètò ààbò ẹ̀ sì wà ní pípé, látìgbà yẹn ni gbogbo ayé ti mọ̀ pé tí iná AC tó ń gba ọgbẹ́ kékeré lára ọ̀dà bá ti kọjá 30 ampere fún mítà onígun mẹ́rin kan, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ ọ, tó bá kọjá 100, ẹ má sùn lé e.

Ohun kan kù tí mi ò lè gbójú fò, ìdí tí mo fi pè é ní lẹ́tà ṣíṣí sì nìyẹn, torí mo fẹ́ kí àwọn tó ń wọ inú kòtò náà kà á, kì í ṣe àwọn ọ̀gá nìkan. Ẹ̀yin ọmọ iṣẹ́, ẹ má gé páìpù irin, ẹ má tú u, ẹ má yọ mítà omi kúrò lára ẹ̀, láìkọ́kọ́ fi wáyà tó nípọn so apá méjèèjì tẹ́ ẹ fẹ́ yà pọ̀. Iná tó wà nínú páìpù ò ní sọ fún yín pé òun wà níbẹ̀. Bẹ́ ẹ bá ti yà á, á fẹ́ fò láti apá kan sí ìkejì, tó bá jẹ́ páìpù gáàsì, kí iná ta pẹ́ẹ́ lẹ́ẹ̀kan péré ti tó láti mú kí gáàsì gbiná. Tó bá jẹ́ páìpù omi, níbi tí wọ́n ti so iná ilé mọ́ ọn gẹ́gẹ́ bí ilẹ̀ (ohun tí àwọn oníná ń pè ní earth), tí wáyà ìpadà ilé kan bá já, gbogbo iná ilé yẹn lè máa gba inú páìpù padà lọ, ẹni tó bá wá di apá méjèèjì mú lẹ́ẹ̀kan náà ló máa di wáyà. Ẹ̀yin ọ̀gá, wáyà yìí àti kílámù méjì ni mò ń bẹ̀ yín fún, kó wà nínú gbogbo ọkọ̀ iṣẹ́. Kó má ṣe jẹ́ pé tá a bá ti kó ẹnì kan jáde nínú kòtò tán la tó máa wá a.

Ní ti kòtò tí mo fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, ó ṣì wà ní ṣíṣí bí mo ṣe ń kọ èyí. Wọ́n ti gbé páìpù tuntun míì wá, ó ń dán, wọ́n ti kùn ún. Kí wọ́n tó da yẹ̀pẹ̀ bò ó, ẹ jọ̀ọ́ ẹ ní kí wọ́n jó wáyà méjì mọ́ ọn lára, ọ̀kan ní ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀, ọ̀kan ní ìparí ẹ̀, kí wọ́n gbé ẹnu wáyà méjèèjì jáde sókè ilẹ̀ sínú àpótí kékeré kan, ká lè máa wọn iná ibẹ̀ láìwa ilẹ̀ mọ́. Kí ẹnì kan láti ọ̀dọ̀ àwọn oníréèlì sì gbé ẹ̀rọ tiẹ̀ wá ká jọ kọ́kọ́ wọn ọ́n fún wákàtí 24, mo ṣe tán láti jókòó tì í mọ́jú.